Àwo Iyán Tí Wọ́n Gbé Kúrò Níwájú Àna Mi

Obìnrin tó ń ta iyán nítòsí Fájuyì ní Èkìtì kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Bí o bá ní kó yára, yóò ní kí o lọ gún tìrẹ nílé. Síbẹ̀ ibẹ̀ làwa olùkọ́ ń rọ́ lọ lójoojúmọ́, bí ẹni tí wọ́n sà sí.

Lọ́jọ́ kan, mo mú ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tí wọ́n wá láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe gbé iyán gbígbóná síwájú wọn ni fóònù wọn dún. Wọ́n gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Obìnrin náà wá, ó gbé àwo náà lọ.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ṣé àna ẹni là ń gba oúnjẹ níwájú rẹ̀? Mo ti dìde láti bá a jà, ló bá gbé iyán mìíràn dé, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú odó. Ó gbé e ka iwájú àlejò mi, ó wá kọjú sí mi.

"Kí wọ́n lè padà sí Ìbàdàn kí wọ́n ní iyán Èkìtì ti tutù, àbí? Àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ̀. Ìwọ ọmọ Èkìtì ńkọ́, tí o jókòó tì í títí ó fi tutù?"

Àna mi pa fóònù. Èmi bẹ obìnrin náà, orí mi sì ń wú nítorí iyán ilẹ̀ wa bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́.