Mẹkáníìkì Kan Ṣoṣo Tí Káńsù Rí

Ìyá Púlọ́ọ̀gì kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ní òun fẹ́ sọ àṣírí fún ọ, gbogbo òpópónà ló máa gbọ́ ọ, wọn á sì dá sí i. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jókòó sáàárín jẹnẹrétọ̀ tó ń ké, tó ń gbọ̀n, tó ń tú èéfín síni lójú, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́? Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí obìnrin yìí gbà láti fẹ́ òun, àwọn ará ilé kẹta ló kọ́kọ́ kí òun kú oríire.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìkẹsàn-án nínú méjìdínlógún tó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn ọjà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí àwọn ọlọ́jà fi ń tan iná, tí wọ́n fi ń yí fáànù, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá bó bá dákú. Ìyá Púlọ́ọ̀gì nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tí gbogbo ẹbí ń bínú pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Lónìí, bí ẹ̀rọ kan bá ṣe agídí fún ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, wọ́n á rọra gbé e wá bá a. Á ní kí wọ́n fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí sí i, á ní, "Kabúrétọ̀ ló dí," kó tó fọwọ́ kàn án rárá. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ikọ́ nìkan ni ò gbọ́ tiẹ̀. Ọdún kẹta rèé tó ti ń wúkọ́, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún un pé èéfín ni.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló kúkú ní òfin tiẹ̀. Òfin tibẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ló ń ṣọ́nà. Bó bá ti rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù máa ń wọ̀, tó sì rí ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, á fi sípánà lu táńkì epo tó ti ṣófo: gbà, gbà, gbà! Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, kò sí mẹkáníìkì mọ́. Irinṣẹ́ á ti wọ abẹ́ tábìlì. Ẹnìkan á ti di oníbàárà, ẹnìkan á ti di àlejò, ẹnìkan á sì ti sùn, tó ń hanrun.

Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni wọ́n o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ akẹ́rù káńsù ti wá kó irinṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ní wọ́n ń dí ọ̀nà, wọ́n ní ariwo wọn ti pọ̀ jù. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, táńkì dún. Ọmọbìnrin kan ló yọ, òun nìkan, ó wọ ẹ̀wù káńsù, ó mú ìwé àti bírò dání. Ìyá Púlọ́ọ̀gì ti tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, kò ráyè kó o mọ́. Ó kàn fò kúrò nídìí rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

"Ẹ káàsán, Mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ó tì o! Mẹkáníìkì lèmi náà ń dúró dè."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, Mà?"

"Ọmọ mi, n ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí lára ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ojú rẹ̀, níbi tí ọ́ìlì dúdú ti fa ìlà láti imú dé etí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá wo Onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dojú kọ ti Ìyá Púlọ́ọ̀gì. Kò rí irun gé lọ́jọ́ náà, ló bá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin náà, ó ń gba atẹ́gùn. Aláwàdà ni, ọ̀rọ̀ kan ò lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Ó nawọ́ sókè.

"Èmi ni mẹkáníìkì," ló wí.

Inú ọmọbìnrin náà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó béèrè iye ọdún tó ti lò nídìí iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Irọ́ kọ́ nìyẹn ṣá, ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gé irun.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àdúgbò. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síwájú Onígbàjámọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá wa gé tiẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀."

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé. Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ dá kà á, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e tọ Ìyá Púlọ́ọ̀gì lọ, ó kà á sókè fún un. Káńsù ní bí ọdún yìí bá ti parí, kò ní sí jẹnẹrétọ̀ epo nínú ọjà mọ́, sólà ni yóò máa tan iná lórí gbogbo òrùlé ọjà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ètò tó máa gba ìlú lọ́wọ́ èéfín wá gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, gbogbo mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ni àwọn máa kọ́ ní iṣẹ́ sólà fún oṣù mẹ́fà, wọn á sì máa gbowó oṣù lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà. Bí wọ́n bá parí, àwọn mẹkáníìkì náà ló máa tọ́jú gbogbo sólà ìlú. Káńsù ò ní gbé iṣẹ́ ọ̀hún fún ilé-iṣẹ́ ńlá kankan.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀. Iye mẹkáníìkì tí a rí lẹ́yìn ọjà: ẹyọ kan. Orúkọ Onígbàjámọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa ìwé ìforúkọsílẹ̀ dé.

"Tún ìsàlẹ̀ yẹn kà," ni Ìyá Púlọ́ọ̀gì wí.

Ó tún un kà. Ẹyọ kan náà ni.

"Yéè! Mo gbé!" Ó jókòó sílẹ̀ gbì. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. N ò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, àbí? Èmi!"

Ẹ̀rù bà á gan-an, kò sì fi pa mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Bí ẹ̀rọ epo bá kógbá sílé, iṣẹ́ wo ló kù fún un? Aṣọ tí ọkọ rẹ̀ ń rán ò lè dá gbọ́ bùkátà ilé. Nígbà tó délé tó ròyìn, ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí máṣíìnì.

"Lọ bá wọn," ló wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Kí n lọ sí káńsù? Èmi fúnra mi? Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ?"

"Àbí kí n rán ẹsẹ̀ mìíràn fún ọ ni?"

Ló bá di Ọjọ́rú, òun àti Onígbàjámọ̀ gba káńsù lọ. Yàrá kótópó kan ni wọ́n ti bá ọmọbìnrin náà, fáìlì kún ibẹ̀ dé àjà, àga àlejò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì ti yẹ̀ lára rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, irun ni mò ń gé. Ìyá yìí gan-an ni mẹkáníìkì."

Ọmọbìnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó wo Ìyá Púlọ́ọ̀gì. "Mà, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi rèé. Ẹ ní ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ń rọ epo sí."

"Mo parọ́!" ni Ìyá Púlọ́ọ̀gì wí, àwọn tó wà ní yàrá kejì sì yọjú wá wò ó. "Mo parọ́, nítorí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ wa, ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ni irinṣẹ́ wa ń bá lọ. Ọdún mẹ́rin rèé tẹ́ ẹ ti kó tèmi. Ṣé ẹnìkan nínú yín wá béèrè bí mo ṣe jẹun lóṣù yẹn? Ẹ wá dé lónìí, ẹ ní ta ni mẹkáníìkì. Ta ló máa dá yín lóhùn?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí nígbà yẹn, Mà."

"Ẹ̀wù tó o wọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ara ẹ̀wù rẹ̀ lọ wò ó bọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mo gbà yín gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi máa béèrè ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni o, rìsíìtì ni o, ohunkóhun."

"Ọwọ́ mi rèé." Ó nà án síwájú rẹ̀, ó dúdú dé ìdí èékánná.

"Wọn ò ní jẹ́ kí n fi ọwọ́ sínú fáìlì, Mà." Ó wo àwọn fáìlì tó ga dé àjà. "Ọdún mẹ́rin lẹ wí? Ẹ máa lọ sílé. Màá wá bá yín."

Ìyá Púlọ́ọ̀gì ò gbà á gbọ́. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ fún Onígbàjámọ̀ pé "màá wá bá yín" ti káńsù, òun mọ bó ṣe máa ń parí.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, táńkì dún. Kì í ṣe ìlù ẹ̀ẹ̀mẹta o, ẹni tó ń lù ú ń lù ú bí ẹni tí iná ń jó nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni! Ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́sí gan-an, tó ń bọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín òpópónà. Àdúgbò fọ́n ká. Mẹkáníìkì kan bẹ́ sórí àga Onígbàjámọ̀, ìyẹn sì ti da ọṣẹ bo orí rẹ̀ kó tó jókòó tán. Àwọn kan fo ògiri. Ìyá Púlọ́ọ̀gì náà sá, kí la fẹ́ fi pa mọ́? Ó ti dé ẹ̀yìnkùlé kó tó rántí pé ọ̀la ni wọ́n ń pa ìwé dé.

Ó dúró. Ẹsẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ, orí ní kí wọ́n padà. Ó bú ẹsẹ̀ náà dáadáa, ó padà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọbìnrin káńsù ló sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìwé gbàǹgbà kan dání, eruku bò ó. Awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Irinṣẹ́ ló kún ibẹ̀: sípánà, òòlù, àpótí irin, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà.

"Ìwé tí wọ́n fi ń kọ ẹrù tí káńsù bá gbà nìyí, Mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹni tó kọ ọ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ò kánjú rárá. Ó kọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun tí wọ́n kó níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀. Méjìdínlógún. Mo gbé e síwájú àwọn ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí, mo ní àwa fúnra wa la kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dá ẹrù padà. Ẹni tó bá gba tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ wọlé."

Ó ṣí ìwé náà. "Ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án. Àpótí irin kan, sípánà mọ́kànlá, òòlù kan. Ti ta ni?"

Àwọn tó sá ń yọjú lẹ́yìn ògiri. Ìyá Púlọ́ọ̀gì mọ̀ pé bí òun bá dáhùn, kò sí bí òun ṣe lè sẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ pàkúté ni, ó ti há nìyẹn.

"Tèmi ni," ló wí.

Wọ́n gbé àpótí náà fún un. Ó ṣí i. Ìpẹtà ti so àwọn sípánà pọ̀ di ẹyọ kan, kò sì sí èyí tó ṣeé lò mọ́. Ẹkún bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀ o, inú ló ń bí i.

"Ẹ má bínú, Mà," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà nínú eruku. "Kò yẹ ká ti kó o. Ẹ má bínú."

Ìyá Púlọ́ọ̀gì wá èébú tó máa bú u, kò rí. Kò gbọ́ ọ rí kí káńsù bẹ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọjà.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣọ́ọ̀bù kẹrìnlá, tèmi ni!" Ẹni tí ọṣẹ wà lórí rẹ̀ ló ń sáré bọ̀, ìfófòó ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Àwọn tó fo ògiri tún un fò padà. Wọ́n tò sẹ́yìn obìnrin náà, wọ́n ń ti ara wọn.

Ọmọbìnrin náà mú ìwé tuntun jáde. Ó pa orúkọ Onígbàjámọ̀ rẹ́ nínú ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì dúpẹ́. "Orúkọ yín, Mà? Èyí tí wọ́n sọ yín gan-an."

Ó dárúkọ ara rẹ̀ ní kíkún, ó fi ti bàbá rẹ̀ kún un.

"Iṣẹ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe." Ó fọwọ́ nu ojú. "Títí ọdún fi máa parí."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ tán, ó yí ìwé sí i kó wò ó. Ìyá Púlọ́ọ̀gì tẹ̀ ba, ó wo orúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí ìlà kan náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ìwé náà mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbà á.

"Ìyá, ẹ ṣe kíá, ọṣẹ ń wọ̀ mí lójú!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn.

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lèmi ti dúró."