Ẹṣin Tó Ń Fi Àyè Sílẹ̀

Ẹ má bi mí bí obìnrin Abẹ́òkúta tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Eccles, lẹ́bàá Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe di ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. Dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo rìn, mo rìn, mo bá ara mi lẹ́nu ọgbà kan létí ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn ìlú. Obìnrin òyìnbó kan ń gba àwọn ẹṣin tí ìyà ti jẹ síbẹ̀, ó ń tọ́jú wọn títí ara wọn á fi yá, á sì wá ilé tuntun fún wọn. Ó ti gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́ kí n tó kí i tán. Ìyá Ẹlẹ́ṣin ni mo sọ ọ́; kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó joyè.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, nígbà òtútù, wọ́n gbé abo ẹṣin funfun kan wá. Èèyàn lè dúró lójú títì kó ka egungun ìhà rẹ̀. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn débi pé ó ká sókè. Ìdí igi kan ni wọ́n ti bá a, níbi tí wọ́n so ó mọ́. Àwọn méjì ni wọ́n jọ so pọ̀. Èkejì ti kú síbẹ̀, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Èyí dúró tì í.

"Kò jẹun," Ìyá Ẹlẹ́ṣin sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹṣin náà ń gbọ́. "Dókítà ẹran ní tí ọ̀sẹ̀ yìí bá fi parí tí kò jẹun, òun á gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jí mọ́."

Ẹṣin tí ebi ti pa tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í da oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀, ó lè pa á. Ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ tí a rẹ sínú omi la ń fún un, léraléra. Á gbóòórùn rẹ̀, á gbé orí kúrò.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ilé tí a fi í sí fẹ̀, àmọ́ ó lẹ̀ mọ́ ògiri apá ọ̀tún bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tó kún. Apá òsì ṣófo gbalasa. Tí mo bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, á fọn imú, á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, àfi tí mo bá gba ẹ̀bá ògiri bí ẹni tó ń kọjá níwájú àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti máa ń ṣú ní Manchester kí àwọn ọmọ tó ti ilé-ìwé dé, á yí ojú sí àyè tó ṣófo yẹn, á na etí méjèèjì, á wá dún nínú ọ̀fun, jẹ́jẹ́. Èyí kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé á dákẹ́ lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Nígbà mìíràn, á tún dáhùn.

Mo mọ irú ìdúró yẹn. Ìbejì ni èmi náà. Èyí tí a jọ wáyé kò tíì máa rìn kó tó lọ. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó kú. Wọ́n ní ó lọ sí Èkó. Tí màmá mi bá ra bàtà, á ra tèmi, á ra tìrẹ. Tó bá bu oúnjẹ mi, á bu tìrẹ náà. Mo dàgbà, mo kàwé, mo lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, kí n má purọ́ fún yín, mo máa ń wo ojú àwọn obìnrin tó bá jọ mí níbùdókọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé garawa méjì wọlé, mo sì pín koríko sí méjì. Mo kọ́kọ́ gbé ti apá òsì kalẹ̀, kí n tó gbé ti ọ̀tún. "Ó yá, ẹ jẹun, ẹ̀yin méjèèjì."

Ẹṣin náà wo apá òsì fún ìgbà díẹ̀. Ó wá tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Kí lo ṣe fún un?" Ìyá Ẹlẹ́ṣin ló béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo bu ti ẹnì kejì rẹ̀ ni."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó lọ wá garawa tó dára ju èyí tí mo gbé sápá òsì lọ.

Láàárọ̀, òfìfo là ń bá garawa méjèèjì. A jọ gbà pé òun ló ń jẹ méjèèjì. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró wò ó.

Ẹnì kan tí mo mú bí àbúrò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹlẹ́nu bí abẹ. Nígbà tó gbọ́, ó tẹ̀ lé mi wá.

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ti gba Jésù, ẹ wá ń bọ ìbejì fún ẹṣin?"

"Èmi ò bọ nǹkan kan. Koríko ni mo gbé kalẹ̀. Àbí o rí ẹ̀wà níbẹ̀?"

"Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Pásítọ̀ á gbọ́."

Ẹṣin náà ti yọ orí síta lójú ilẹ̀kùn, ó ń gbóòórùn kárọ́ọ̀tì tí mo rà ní ọjà Harpurhey. Ẹnu rẹ̀ kò mì. Àbúrò mi di apá mi mú lójijì.

"Àǹtí, ta ló ń jẹ koríko nínú ibẹ̀?"

Èmi náà ti gbọ́ ọ: kùrúmù, kùrúmù, láti apá òsì.

"Eku ni."

"Eku tó ń mí báyìí?"

Ó sáré lọ dúró sí ibùdókọ̀. Kò sì fi mí sun Pásítọ̀.

Ìgbà tí ooru dé, ara ẹṣin náà ti kún, wọ́n ti gé pátákò rẹ̀, gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ ń dán. Ó ku ilé tí yóò gbà á. Àwọn méjì wá wò ó, wọ́n rí i bó ṣe ń bá àyè tó ṣófo sọ̀rọ̀, wọ́n wa mọ́tò wọn lọ. Tọkọtaya arúgbó kan tó ní pápá lórí òkè ló ṣìkẹta. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gbé tírélà kékeré wá, irú èyí tí mọ́tò ń fà, tí àyè ẹṣin méjì wà nínú rẹ̀, tí pákó sì pín in láàárín.

Ẹṣin kò wọ̀ ọ́. A fa okùn, a fi kárọ́ọ̀tì tàn án, a bẹ̀ ẹ́. Ó kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wẹ̀yìn wo ilé tó ti jáde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ ìyáàgbà náà wo ojú ọ̀run. "Bí kò bá lè wọlé lónìí, a ò ní lè padà wá o." Mo rí ojú Ìyá Ẹlẹ́ṣin. Àwọn ẹṣin mìíràn ti wà lọ́nà tí kò sí ibi tí yóò kó wọn sí. Dókítà ẹran kò sì tíì gbàgbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún èyí tí kò bá rí ilé.

Mo lọ mú okùn orí kan lára ìṣó, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ orí ẹṣin kí wọ́n tó fà á. Mo gbé e lọ́wọ́ lófìfo, mo wọnú ilé, mo lọ sí apá òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Mo fa okùn náà jáde, láàárín gbogbo wọn, ojú ń tì mí. Nígbà tí mo gun pákó àtẹ̀gùn tírélà, okùn náà le lọ́wọ́ mi. Ó dúró gan-an bí ẹṣin gbogbo ṣe máa ń dúró níbẹ̀, láti wò ó bóyá pákó á gbé òun. N kò wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ rọra." Ó dẹ̀. Pákó náà ké lẹ́yìn mi, mo sì so okùn náà mọ́ àyè apá òsì.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ẹṣin funfun náà ti ń gòkè bọ̀, láìsí ẹni tó fà á. Ó wọ apá ọ̀tún, ó sì mí kanlẹ̀.

Ọkọ ìyáàgbà ti ilẹ̀kùn tírélà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tì í, ó wá fi èjìká tì í. Ìyáàgbà náà dì mọ́ mi, ó wá bi mí létí, láìrẹ́rìn-ín rárá:

"Tí a bá délé, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀?"

"Èyí tó kọ́kọ́ wọlé, mà."

Ó mi orí. Wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun náà, bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ pé.