Ọtí Funfun Tí Kò Funfun

Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ní òórùn tirẹ̀: páálí tí ooru ti mú, pákó tuntun, èéfín àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń kùn lẹ́nu géètì, àti, bí ìgò kan bá ṣèèṣì fọ́, òórùn dídùn kan tí ó máa ń wọ imú ẹni bí àlejò tí kò sọ ibi tí ó ti wá. Wáìnì ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gbé e lérí, tí mo fi tò ó, tí ẹ̀kán kan rẹ̀ kò sì kan ahọ́n mi rí. Ìwọ náà tí o ti ru ẹrù rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ayé wa rí: ẹni tí ó ru oyin kọ́ ló ń lá a. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n pè mí ní olè.

Èmi ni olórí àwọn alásàárù, kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí sì wà lọ́wọ́ mi. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè fi sùúrù to lẹ́tà pọ̀ kí n mọ orúkọ ẹrù. Ní ọ̀sẹ̀ náà, wáìnì kan tí ọ̀gá wa obìnrin kò kó wá rí wọlé. Sínfáńdẹ̀lì ni orúkọ rẹ̀, oríṣi méjì sì ni: ọ̀kan pupa; wọ́n fi òyìnbó kọ "funfun" sí ara èkejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, sitókípà wa, akọ̀wé tí ń ṣírò ẹrù, ṣí páálí onífunfun, ó fa ìgò kan yọ, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò funfun rárá. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló.

Sitókípà yìí kéré sí mi lọ́jọ́ orí, "ẹ káàárọ̀" ni ó sì fi máa ń kí mi láti ọjọ́ tí ó ti dé. Lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo alásàárù, ó nàka sí mi.

"Ìwọ, kí lo rọ sínú ọtí yìí?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo rò pé ẹlòmíràn ni ó ń bá wí.

"Ìwọ náà ni! Ṣé ìyàwó ẹ kọ́ ló ń ta sóbò ní ibùdókọ̀ Kókónọ́ọ̀tì? O ti mu ògidì, o wá bu sóbò dí i."

"Ìdérí rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe dé e," ni mo wí.

"Àpápá nìyí o! Kí ni wọn kì í dé padà ní Àpápá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀sùn olè dùn mí, ṣùgbọ́n "ìwọ" yẹn dùn mí jù ú lọ. Àgbàlagbà tí a bá gba "ẹ" lọ́wọ́ rẹ̀, a ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀ lójú ọjà nìyẹn.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í pariwo, dé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí n máa lọ sílé. O mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá lé nítorí olè ní Àpápá, kò sí géètì mìíràn tí yóò ṣí fún un. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Màdáámù, sóbò ni wọ́n fi kàn mí. Ẹ jẹ́ kí a pe sóbò náà wá, kí ó wá jẹ́rìí."

Ó ránṣẹ́ sí Kókónọ́ọ̀tì. Ìyàwó mi dé pẹ̀lú ìgò sóbò kan tí omi tútù ń sun lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀gá, ó sì kọjú sí sitókípà.

"Ọ̀gá sitókípà, bí sóbò mi bá mọ ọ̀nà inú ìgò òyìnbó, ṣé inú oòrùn Kókónọ́ọ̀tì lẹ ó ti bá mi?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ife mẹ́ta wá. Ó tọ́ sóbò wò, ó sì tọ́ ọtí méjèèjì wò. Ó wá ní kí èmi náà tọ́ wọn wò, kí n sọ ohun tí mo bá bá níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí sóbò tí mo mọ̀: atalẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi, kànáfùrù tẹ̀lé e, kíkan ìṣápá sì fún ahọ́n mi pọ̀. Mo fi omi ṣan ẹnu. Mo gbé ọtí pupa sí imú ná. Òórùn èso tí ó ti pọ́n kọjá àmì, èyí tí oyin ti ń yí ká, ni mo gbọ́. Nígbà tí ó dé ọ̀fun, ó gbóná díẹ̀, ó sì ta fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyèré inú ọbẹ̀ tí a kò fojú rí. Mo di ojú mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀rẹ́ mi! Ohun tí mo ń gbé lérí láti ọjọ́ yìí wá nìyí. Mo wá mu èyí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó tutù, ó dùn, ó rán mi létí bàrà olómi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò sí atalẹ̀, kò sí kànáfùrù. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ adùn náà mo bá èso inú ọtí pupa pàdé, bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ọmọ láti yàrá kejì tí a ó rò pé bàbá rẹ̀ ni.

"Màdáámù, kò sí sóbò níbí. Ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì yìí."

Ìyàwó mi, tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí, gbé ife náà sí ìmọ́lẹ̀. "Mo mọ àwọ̀ yìí, mà. Tí mo bá tètè sẹ́ ìṣápá kúrò nínú omi, báyìí ló máa ń rí. Tí mo bá jẹ́ kó pẹ́, á pupa fòò."

Ọ̀gá tẹ àwọn tí ó ra ọjà lọ́wọ́ wọn láago, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ẹni tí ó gbé aago náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí. "Funfun" kàn jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni. Èso aláwọ̀ pupa kan náà ni wọ́n fi pọn méjèèjì, kìkì pé wọ́n tètè yọ èèpo kúrò nínú èyí. Sitókípà mọ ìwé jù mí lọ, ó sì ka "funfun" bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé gbọ́, kò bi ahọ́n léèrè.

Ọ̀gá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, ó fi ìgò kan nínú ọtí "funfun" náà lé e. Sitókípà fà mí sẹ́yìn páálí. "Má bínú, jàre."

"Gbangba lo ti pè mí lólè," ni mo dá a lóhùn. "Kọ̀rọ̀ lo wá fẹ́ ti bẹ̀ mí?"

Mo gbé ìgò náà padà fún ọ̀gá, mo ní n kò lè mu ọtí lórí ẹ̀sùn tí ó ṣì wà nílẹ̀. Kì í ṣe agídí. Ẹni tí kò ní ìwé, orúkọ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, tí gbogbo wa ti pé, sitókípà bọ́ síwájú. Ó ṣòro fún un.

"Bàbá, mo fi ẹ̀sùn èké kàn yín. Ẹ kì í ṣe olè. Ẹ má bínú."

Mo kà á: "ẹ" méjì, "yín" kan. Mo gbà á.

Ìyàwó mi nìkan ni sitókípà kò tíì bẹ̀, èyí sì ń dùn mí síbẹ̀. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tètè sẹ́ apá kan nínú sóbò rẹ̀, àwọn awakọ̀ Kókónọ́ọ̀tì gbọ́ ìtàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Funfun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í, sitókípà dé.

"Ẹ kú oòrùn, mà. Ẹ fún mi ní Funfun kan." Ó mu ún tán, ó ń wo ìdí ife. "Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Ṣé ó funfun?" ni ìyàwó mi bi í.

"Kò funfun, mà. Ó dùn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, mo ṣí ìgò tí ọ̀gá tún fún mi lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà. Ìyàwó mi bu Funfun tirẹ̀ sínú ife kejì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀. Láti ìgbà náà, bí wáìnì tuntun bá dé, ọ̀gá a máa pè mí kí n tọ́ ọ wò, kí a tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí mo bá sì ti gbé ife sí imú, ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dúró de ẹ̀bẹ̀ gbangba yẹn ni mo máa ń rántí. Bí ọtí pupa ni ẹ̀tọ́ mi rí, wọn kò tètè sẹ́ ẹ. Ó pẹ́ nínú èèpo rẹ̀, ó sì pọ́n.