Èènì Tí Kò Sí Nínú Ìwé Aṣáà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń lọ ewé tábà di aṣáà ní Ayétòrò. Èmi ni mo ń bá a kọ ìwé rẹ̀, nítorí pé tíṣà ni bàbá mi, gbogbo ẹbí sì gbà pé ọmọ tíṣà kò lè ṣi ìwé kọ.

Òfin ìjọba lórí aṣáà kò le. Aṣáà tí a kò tíì san owó orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé: ìwọ̀n ewé tó wọlé, ìwọ̀n tí a lọ̀, ìwọ̀n tó jáde. Rúlà ni mo fi ń fa ìlà sí i. Ìwé náà mọ́ ju yàrá mi lọ.

Ohun tí n kò kọ ni èènì. Màmá kì í wọn aṣáà fún ènìyàn kó má fi ìka mẹ́ta bù kún un. Lójú tèmi, ohun tí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ kì í ṣe ọjà.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti bodè pa nígbà náà, ohunkóhun tó bá sì dín lọ́dọ̀ wa, Kútọnu ni ìjọba gbà pé ó lọ. Òṣìṣẹ́ owó orí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó yin ìwé mi, ó wọn aṣáà tó wà nílẹ̀, ó ní ó dín ní ìdajì àpò.

Màmá ní, "Èènì ni."

"Ẹ pe àwọn tó gbà á, Màmá. Bí ẹyọ ẹnì kan bá jẹ́rìí, mo ti lọ nìyẹn. Bí kò bá sí, mo máa ti ibí pa."

Ọkàn mi balẹ̀. Ta ni kò tíì gba èènì Màmá? Mo sáré káàkiri, mo ní, "Ìjọba wà lọ́dọ̀ Màmá o, ẹ máa bọ̀." N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wá lóòótọ́. Kafíńtà tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Màmá ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá elépo, tí aṣáà ṣì wà nímú rẹ̀, béèrè pé, "Kí ló ń jẹ́ aṣáà?" Ọlọ́kadà kan láti Ọjà-Ọ̀dàn ní òun kò tilẹ̀ mọ Ayétòrò, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ ló dúró sí. Òṣìṣẹ́ náà ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Mo kọ gbogbo rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn pa, ó lẹ ìwé ìjọba mọ́ ọn. Kafíńtà fi ìdùnnú ṣẹ́jú sí Màmá lẹ́yìn òṣìṣẹ́ náà.

Mo ní mo máa lọ bá àwọn ẹlẹ́rìí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sọ fún wọn pé irọ́ wọn ló ti ilẹ̀kùn Màmá pa.

"Má dán an wò," Màmá wí. Omi ti lé sí i lójú. "Wọ́n rò pé àwọn ń gbà mí lọ́wọ́ ìjọba ni. Lọ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Inú ń bí mi, mo sì ń kúnlẹ̀ láti ilé dé ilé. Kafíńtà ní kí n dìde, pé kò tó ọpẹ́. Bí ìjọba bá tún padà wá lọ́la, ohun kan náà lòun máa sọ.