Ẹni Tí Ó Jókòó Lé Táyà Alùpùpù Ọkọ Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń pa àlọ́ fún àgbàlagbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ni ó rí i, ní ọ̀sán gangan. N kò sùn, n kò sì ṣàìsàn. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó fi í sílẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ṣì ń hó nínú mi títí di òní.

Nígbà ayé àwọn òyìnbó ni. Ṣàngó tí ẹ mọ̀ lónìí, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún fọ́fọ́, oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà náà. Ọkọ mi, ẹni tí gbogbo Ọ̀tà ń pè ní Tíṣà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù àlòkù kan. Kò sọ ibi tí ó ti rà á.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ránṣẹ́ láti Alápòtì pé ìyá mi ń kú lọ, orúkọ mi ni ó sì ń pè. A gun alùpùpù náà. A kò tíì kọjá Ṣàngó tí táyà ẹ̀yìn fi jò pẹlẹbẹ.

Sùlé atúnkẹ̀kẹ́ṣe tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù náà sílẹ̀ lábẹ́ igi ọdán. Ó ní láti bọ́ táyà kúrò lára rímù kí ó tó lè lẹ rọ́bà inú rẹ̀. Ó ki irin pẹlẹbẹ méjì bọ̀ ọ́, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó da omi ọṣẹ sí i. Táyà kò mira.

"Sùlé, ṣé o ò jẹun láàárọ̀ ni?" Ọkọ mi ni ó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

"Mo jẹun o, Tíṣà. Táyà yín ni kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni."

Ó tún fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Irin wọ́, táyà kò yẹ̀. Inú bí mi gidigidi. Ìyá mi ń kú lọ, rọ́bà lásán ni ó dá mi dúró!

Ìgbà náà ni mo rí i. Ọkùnrin kan jókòó lé táyà náà bí ẹni jókòó sórí àpótí, ó wọ aṣọ funfun, ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Ẹ gbà mí gbọ́: gìgísẹ̀ Sùlé ń gba inú itan rẹ̀ kọjá. Oòrùn wà ní àtàrí, òjìji kúkurú wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wa. Òun kò ní. Ọkọ mi ni ọkùnrin náà tẹjú mọ́, ọkọ mi kò sì rí i.

Sùlé ti dáwọ́ dúró. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Ìyàwó Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà rí i?"

"Mo rí i."

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ inú ewé lọ. "Ìyàwó mi ṣì wà nínú opó. Ta ni ó pín ogún mi?"

Mo yí sí ọkọ mi. "Tíṣà, ọwọ́ ta ni ẹ ti ra alùpùpù yìí?"

"Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Mo ní ọwọ́ ta ni!"

"Ọwọ́ àbúrò olóògbé kan ní Jójú. Ó ní kí n tètè gbé e lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun tó jáde opó." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni opó fẹ́ fi alùpùpù ṣe?"

Odidi tíṣà! Ẹni tí ń na ọmọ ọlọ́mọ ní pàṣán nítorí ẹfun ìkọ̀wé kan ṣoṣo! Ní Ọ̀tà wa, abẹ́rẹ́ kì í jáde nílé òkú kí ẹbí tó pé jọ pín ogún, kí opó sì gba ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú táyà náà. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá ìyá mi. Bí a bá ti padà dé, a ó dá alùpùpù yín padà fún ìyàwó yín."

Ó wò mí. Ó dìde. Táyà bọ́ lára rímù fúnra rẹ̀, ó ṣubú sílẹ̀ gbì.

Ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Oríkunkun lásán ni!"

Mo bá ìyá mi láàyè. Ó dì mí lọ́wọ́ mú kí ó tó dákẹ́. Mo rán ọkọ mi létí ìlérí náà. Ó ní obìnrin kò lè pàṣẹ fún òun, ó sì gun alùpùpù náà padà sí Ọ̀tà.

Nígbà tí mo parí ìsìnkú tí mo dé ilé, mo bá ọkọ mi ní àgbàlá, ẹsẹ̀ alùpùpù níwájú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ní ọwọ́ ọ̀tún, ìka rẹ̀ sì ti gan mọ́ irin náà. Táyà tún ti jò, kò sì bọ́. Tipátipá ni a fi gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò nà mọ́ títí ó fi kú. Kò sọ ohun tí ó rí fún mi.

Sùlé wá de ẹsẹ̀ náà padà, èmi àti òun ni a sì ti alùpùpù náà lọ sí Jójú. Kò tilẹ̀ ya opó náà lẹ́nu.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé," ni ó wí. "Ọkọ mi ti sọ fún mi láti ọjọ́ tí ẹ ti wà lábẹ́ ọdán."

Ẹ̀yin tí ń ra ohun àlòkù kiri ní Ṣàngó lónìí, ẹ béèrè bóyá olóhun ti kú, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti pín ogún rẹ̀. Bí táyà kan bá sì kọ̀ tí kò bọ́, ẹ má ṣe fi irin jà á. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó lé e.