Lẹ́tà Ọ̀rẹ́ Mi Láìsí Àmì Lórí

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tí ó fi aṣọ bo ohun tó wà nínú ọkàn wa, tí kò jẹ́ kí aládùúgbò máa rí i bí ẹni ń wo inú abọ́. Bí kì í bá ṣe àánú Rẹ̀ ni, n kò ní lè gbójú sókè ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tí mò ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jowú ọ̀rẹ́ mi, tí ẹnu mi sì ń kí i kú oríire. Mo dúpẹ́ pé èmi àti òun ṣì wà láàyè, tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣeé sọ.

Ilé-kéú kan náà ni a jọ lọ ní Bẹyẹrúnkà. Èmi ni mo mọ̀wé kà. Òun a máa kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, Ààfáà a sì ní kí n kà á kí ó gbọ́. Nígbà tí a dàgbà, mo lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ kóòdù fún iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Àdó. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì yóò bá kọ ohun tí àwọn èèyàn yóò máa kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé èmi ni.

Òun ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, ó ń fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkànnì kan tí wọ́n ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni ó fi ń kọ ọ́, kò sì fo àmì kan, ìbáà ṣe ti orí lẹ́tà tàbí ti ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíláàsì rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni, ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan tí òjò ká mọ́ ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èmi náà bẹ̀rẹ̀ tèmi. Èèyàn mọ́kànlá ni ó ń gbà á. Ọkọ mi ni méjì nínú wọn, nítorí ímeèlì méjì ni ó ní.

Èyí tó dùn mí jù ni ti màmá mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, ojú rẹ̀ kò sì ríran kàwé mọ́. Èmi ni ó ń ní kí n kà fún òun.

"Lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ ti dé bí?"

"Ó ti dé, Màmá. Tèmi náà ti dé."

"Tìrẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tìrẹ ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Tiẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ka tiẹ̀ ná."

Mo fi ohùn tí kò dùn kà á. Ó ṣì dùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀rẹ́ mi wọlé tọ̀ mí wá, ó sì ti jókòó kí n tó ní kó jókòó.

"Ìyáàfin Kọ̀ǹpútà, wọ́n ti gbé fóònù mi ní Gbági. N kò rántí páswọ́ọ̀dù, n kò lè wọlé sórí ìkànnì mi mọ́. Àwọn lẹ́tà yẹn wà níta tí gbogbo ayé ń kà wọ́n, èmi tí mo kọ wọ́n ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́."

"O kò kọ wọ́n síbòmíràn?"

"Orí fóònù náà ni. Àwọn ilé-kéú wa sì fẹ́ tẹ̀ wọ́n ní ìwé fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ gbà wọ́n. Bá mi kó wọn jáde, ìwọ lo mọ idán yẹn."

"Kì í ṣe idán."

"Ó dáa, bá mi ṣe ohun tí kì í ṣe idán náà."

N kò rẹ́rìn-ín. Ilé-kéú wa fẹ́ tẹ ìwé, wọn kò sì wá sọ́dọ̀ èmi tí mo máa ń kà á kí ó gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Láíbìrì ni àwa tí a ń kọ kóòdù ń pe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, tí a kàn ń pè wọ inú tiwa, bí ẹni yá odó aládùúgbò dípò kí ó gbẹ́ tirẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe fún ìkànnì lẹ́tà yẹn gan-an. Èèyàn a fún un ní àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé, yóò ka àkọlé gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a ó máa bèèrè ohun tó wà nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlá péré ni ó kọ́kọ́ kó wá, inú mi sì dùn díẹ̀. Àṣé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kó wọn, èmi ni mo gbọ́dọ̀ ní kó máa padà lọ títí yóò fi tán. Ó padà lọ. Ó di mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Tèmi jẹ́ mẹ́rìnlá.

Láti tọ́jú wọn sínú fáìlì, mo ki ìlà kóòdù kan bọ̀ ọ́ láti inú iṣẹ́ ọ́fíìsì wa, èyí tí a fi ń tún àdírẹ́sì àwọn oníbàárà ṣe. N kò wò ó dáadáa. Ìlà yẹn a máa gbá gbogbo àmì tí kò sí nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì dànù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi ṣe jáde pẹ̀lú orí pípá. Kí Ọlọ́hun foríjì mí, ó dùn mọ́ mi. Mo ní n ó tún un ṣe bó bá yá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí àkọlé kan: "Owu Ore Mi."

"Mo ti gbagbe ohun pupo nipa ile-keu, sugbon n ko le gbagbe owu ore mi. Owu dudu ni, o si le."

Ní ilé-kéú, kò ní ọ̀rẹ́ méjì, èmi nìkan ni. Ó mọ̀! Ó ti mọ̀ pé mò ń jowú òun, ó sì ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ìgbà tí mo rin ìrìn-àjò ni lẹ́tà yẹn jáde, n kò kà á rí. Ta ni ó kà á fún Màmá? Dúdú kẹ̀! Owú mi tún wá ní àwọ̀!

Mo pa fáìlì náà rẹ́. Ó ku méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Ta ni yóò kà wọ́n?

Mo ṣe àlùwàlá, mo dúró kí ìrun Àyìlá. N kò mọ rákà tí mo dé. Nígbà tí mo sálámà, tí ìrun parí, mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ní èèyàn jalè, ó yẹ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ní ó jí. Mo lọ sí ojú ìkànnì náà fúnra rẹ̀, mo ṣí lẹ́tà náà. Àkọlé rẹ̀ ni "Òwú Ọ̀rẹ́ Mi."

Òwú ni. Òwú ìránṣọ.

Ó kọ ọ́ pé Kùránì tí bàbá òun fi sílẹ̀ kí ó tó kú ti ń já ní ewé-ewé, pé ọ̀rẹ́ òun mú òwú dúdú wá láti orí àtẹ ìyá rẹ̀, ó sì fi rán an pọ̀. Ó ní òwú náà kò tíì já, òun ṣì ń ka Kùránì yẹn ní gbogbo Àsùbá, bí ọwọ́ òun bá sì kan òwú náà, òun a ṣàdúà fún ọ̀rẹ́ òun.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo rántí bí òwú yẹn ṣe jẹ́. Ààfáà ni ó ní kí ọ̀rẹ́ mi wá jókòó tì mí, kí a jọ máa ka tèmi títí wọn yóò fi tún tirẹ̀ ṣe. Tèmi tuntun ni, etí rẹ̀ ń dán bíi wúrà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà lórí ewé ìwé mi. Mo mú òwú láìsọ fún Màmá. N kò rán an nítorí rẹ̀. Mo rán an kí ó lè padà sí àyè rẹ̀. Owú ni ó rán òwú yẹn.

Mo yọ ìlà kóòdù burúkú náà, mo tún gbogbo rẹ̀ kó láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún, tàmì-tàmì. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé ní ọjọ́ Àìkú, mo fi fíláàṣì tí mo kó àwọn lẹ́tà náà sí lé e lọ́wọ́, mo sì sọ ohun gbogbo fún un.

"O pa á rẹ́?"

"Mo pa á rẹ́. Mo ti dá a padà."

Ó ki fíláàṣì náà bọ àpò. "Ti Kùránì yẹn, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Ìwọ tí o kì í bu ẹ̀pà fún èèyàn! Mo mọ̀ pé o fẹ́ lé mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni. O ń rán an, o fajú ro bí ẹni mu àgbo." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n òwú kò mọ ìyẹn. Ó ṣáà so ìwé mi pọ̀."

Ó mọ̀, ó sì ń ṣàdúà fún mi láràárọ̀. Kí n má purọ́, mo tún jowú ìyẹn.

Wọ́n ti tẹ ìwé náà. Mo ka lẹ́tà òwú fún Màmá, mo gbìyànjú kí ohùn mi dùn. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, ó sì ní, "Ta ló fún ẹ láṣẹ kó o mú òwú lórí àtẹ mi?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹ ṣi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kà. Ohun tí ẹ bá fi owú ṣe, kí Ó sọ ọ́ di oore fún ẹni tí ẹ ṣe é fún, kí òwú tó so yín pọ̀ má sì já láéláé. Àmín.