Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Màmá Olúyọ̀mí, Lórí Òkè Ìdànrè

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Festac, l'Ékòó. Ní Apple Junction, àwọn oníbúrẹ́dì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù wọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń dá kọ́ ara mi nípa àwọn ìlú orí òkè: ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, bí wọ́n ṣe ń fi àpáta ṣe odi. Ní báyìí tí mo padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì, olùkọ́ mi ní n kò lè kọ iṣẹ́ náà àfi bí ìdílé kan bá gbà láti sọ ìtàn ilé wọn fún mi. Ohun tó gbé mi lọ sí Ìdànrè nìyẹn.

Ní Ọ̀rẹ́, bọ̀ọ̀lì méjì ni mo fi ẹgbẹ̀rún kan náírà rà. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan ṣoṣo ni. Nígbà tí a kọjá Àkúrẹ́, oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì, àpáta sì ń yọrí lókè wọn, ó pá bí orí àgbàlagbà.

Bàbá Akin, àgbẹ̀ kòkó, ló gbà mí lálejò. Orí òkè ni Màmá Olúyọ̀mí, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, gbé láyé àtijọ́. Lẹ́yìn iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.

"Ọmọ Èkó, ṣé ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn àbí ti adìẹ?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n mí ná!"

Ùfẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú àtijọ́ náà, ìyẹn Ifẹ̀ orí òkè. Ògiri amọ̀ ló kù, àti páànù tó ti dípẹtà. Bí bàbá ṣe nawọ́ sí ilé Màmá Olúyọ̀mí báyìí, ara mi ò gbà á mọ́. Mo sáré wọlé, mo fa téèpù yọ, mo ń wọn ògiri.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá ṣì wà níta, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kí o wọlé?"

"Bàbá, kò mà sí ẹnikẹ́ni níbí."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń já wọlé onílé l'Ékòó?" Ó yí padà, ó forí lé ìsàlẹ̀.

Ìtàn tí mo torí ẹ̀ wá ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ yẹn. Mo jáde, mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ké: "Àgò onílé o!"

Mo tún ké. Bàbá dúró. Ó rọra padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé, ó wá dáhùn láti inú: "Àgò yà o. Wọlé, jókòó. Ibi tó o dúró sí lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n bí ìyá mi sí."

Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi rọ̀: ibi tí ìkòkò omi wà, ibi tí ewúrẹ́ ń sùn, bí Màmá Olúyọ̀mí ṣe kọ̀ láti tẹ̀ lé àwọn tó ń kó lọ sísàlẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ fi gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe wọlé ní Festac, Àǹtí Bọ́lá, aládùúgbò mi, yọjú láti fèrèsé. "Káàbọ̀ o, ọmọ yunifásítì! Ṣé o rí ahoro yẹn?"

"Àǹtí, mi ò rí ahoro kankan o. Ilé Màmá Olúyọ̀mí ni mo lọ. Wọ́n gbà mí lálejò."